Èkó Tí Wọ́n Fi Ń Dẹ́rù Bà Wá

Kí n tó fi ẹsẹ̀ mi tẹ Múṣin ni wọ́n ti sọ ohun tí yóò pa mí níbẹ̀ fún mi. Ọdún 1968 ni, ogun Bìáfùrà ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sìn mí lọ sílé ọkọ ni. Bàbá àwọn ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ reluwé ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, yàrá tó gbà sì wà nítòsí Ìdí-Òrò. Àwọn ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ò rántí kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkọ mọ́, ọ̀rọ̀ jàgùdà ni wọ́n ń bá mi sọ. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ wọkọ̀, kí n di owó mọ́ etí ìró. Bí ẹni tí n kò mọ̀ bá kí mi, kí n ṣe bí adití. Kí n má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá mi níta láéláé.

Wọn ò kúkú parọ́ mọ́ Múṣin. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ni ín nígbà tí ìjà òṣèlú ọdún 1965 bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti ènìyàn lára, tí wọ́n ń pè é ní "wẹ́ẹ̀tì ẹ́". Iná yẹn jó dé Múṣin dáadáa. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1967, Múṣin bọ́ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ burúkú tó ti gbà kò bá ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lọ sí Ìbàdàn. Ó dúró síbẹ̀. Títí di òní, bí mo bá sọ fún àwọn ènìyàn Ìkòyí pé Múṣin ni mo ti tọ́ ọmọ mi dàgbà, wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wá ojú ọgbẹ́.

Ilé tí yàrá ń kọjú sí yàrá ni mo bá níbẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, ilé ìdáná kan àti balùwẹ̀ kan lẹ́yìnkùlé fún gbogbo wa. Ilẹ̀kùn kì í tì lójúmọmọ. Bí mo bá ń lọ ta aṣọ ní Balógun, ọ̀dọ̀ ìyàwó ará Ìbàdàn tó wà ní yàrá kejì sí tiwa ni mo ń fi ọmọ sí. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n fi ń bú Múṣin ń jókòó ní oríta, wọ́n ń fa igbó, ẹnu wọn ò sì mọ́. N kò ní pè wọ́n ní ọmọlúàbí. Àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀wọ̀n nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìyàwó ẹni tí mo jẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú kí n tó bọ̀ láti ọjà, ọ̀kan á dìde, á ní, "Ìyàwó, ẹ gbé e wá," á sì bá mi ru ẹrù dé ẹnu ọ̀nà. Owó gúgúrú ni mo ń fún un. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ owó lápò ènìyàn, Ìdúmọ̀tà ni wọ́n ń lọ, tàbí Òyìngbò, níbi tí ẹnì kankan ò ti mọ bàbá wọn.

Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Ìbọn tí wọ́n fi jà á kò parí pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba Gowon ṣòfin pé ikú ni fún adigunjalè, nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa wọ́n ní gbangba ní etíkun Bar Beach. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 ló kan adigunjalè Ishola Oyenusi, ẹni tí wọ́n ń pè ní Dókítà, òun àti àwọn mẹ́fà mìíràn. Bí ẹni ń lọ sóde ìyàwó ni àwọn ènìyàn ṣe tú jáde. Èmi ò lọ; mo wà nínú oyún, ìyá ọkọ mi sì ní aboyún kì í wo irú rẹ̀. Àwòrán náà wá bá mi nílé. Nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ti fẹ́ pa ọkùnrin yìí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n ní ìyẹn ni yóò fòpin sí olè jíjà. Ní àdúgbò tiwa, kí ọjọ́ yẹn tó dé, n kò gbọ́ pé wọ́n fi ìbọn ja ẹnì kankan lólè. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn náà, ó pẹ́ kí n tó gbọ́. Síbẹ̀, kí oṣù tó parí, onílé wa ti lọ mú wẹ́dà wá, ó ti jó irin mọ́ gbogbo fèrèsé. Kò pẹ́ tí gbogbo òpópónà fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá rí owó irin san, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀.

Irin yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tó ṣe, àwọn NEPA múná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n tan àtùpà sùn nílé kan ní òpópónà kejì. Iná gba ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń fi òòlù lu irin fèrèsé láti ìta, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ sì wà nínú, wọ́n di irin náà mú. Wẹ́dà yẹn mọṣẹ́. Irin ò tẹ̀, irin ò já. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jó o mọ́bẹ̀, adigunjalè kan ò fọwọ́ kàn án rí.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà. Ẹ̀rù ń gba ọ̀nà tirẹ̀, olè ń gba ọ̀nà tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pàdé. Lọ́dún 1986, nígbà tí adigunjalè Lawrence Anini ń ṣọṣẹ́ ní Ìbíní, àwọn ọmọ mi ní Múṣin ò lè dá jáde lọ tọ̀ lóru. Ẹ wo ibi tí Ìbíní wà, ẹ wo ibi tí Múṣin wà! Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni rédíò ń gbé Anini wọ yàrá wa, títí wọ́n fi mú un ní oṣù kejìlá, tí wọ́n sì pa á ní oṣù kẹta ọdún 1987. Láàárín ìgbà yẹn kan náà ni mọ́lúẹ̀ gbá ọmọ ilé ìwé kan ní ọ̀nà mọ́tò Agége, lójú àwọn ọmọ mi. Wọ́n sunkún délé. Ní ọjọ́ kejì, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n tún ti sáré sọdá títì, bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá sùn, Anini ni wọ́n ń lá.

Èyí tí mo fi ń pa àwọn ọmọ-ọmọ mi lẹ́rìn-ín ni ti ọdún 1990. Ìròyìn gba Èkó kan pé àwọn kan wà, bí wọ́n bá ti bọ ọkùnrin lọ́wọ́ tàbí tí wọ́n fara kàn án, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ wá wo Balógun nígbà náà! Bàbá tó wọ agbádá, ọwọ́ kan nínú àpò, owó kọ́ ni ọwọ́ yẹn ń wá. Àwọn obìnrin náà ń di ọyàn mú, nítorí wọ́n ní kò yọ tiwa sílẹ̀. Oníbàárà mi kan, Alhájì tó ti ń bá mi rajà láti ọjọ́ pípẹ́, kọ̀, kò gba ṣéńjì lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ìyá oníaṣọ, ẹ má bínú, ẹ jù ú sílẹ̀, n ó ṣà á." Mo jù ú sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa owó nílẹ̀ bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín mọ. Bí ẹnì kan bá ti pariwo pé "Ó ti lọ o!", ẹni tó bá dúró tì í ti gbé nìyẹn. Wọ́n lu ènìyàn pa l'Ékòó nígbà náà, lórí ohun tó jẹ́ pé bí dókítà bá tú ṣòkòtò ẹni tó ń ké wò, á bá a níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Ẹni tó ń béèrè ọ̀nà ló ń bọ́ sí i jù, àlejò tó kàn fọwọ́ tọ́ ènìyàn léjìká. Àwọn tó mọ Èkó ò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnì kankan, wọ́n á rìn títí tí wọ́n á fi dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Irọ́ nìyẹn. Ti àwọn apànìyàn Badoo ní Ìkòròdú kì í ṣe irọ́ ní tirẹ̀. Lọ́dún 2016 àti 2017, wọ́n ń wọlé bá ènìyàn lóru, wọ́n ń fi òkúta fọ́ orí ẹni tó ń sùn, ìdílé mìíràn parun. Ta ni yóò ní kí wọ́n má bẹ̀rù? Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2017, àwọn èrò dá aláwàdà kan àti àwọn tó bá a rìn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní Badoo ni wọ́n, wọ́n sì pa wọ́n. Kò sí Badoo kankan nínú wọn.

Àwọn ọmọ wa dàgbà, wọ́n ní a ò lè máa gbé Múṣin títí. Nígbà tí bàbá wọn fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ reluwé, a kọ́lé sí Ìjú, a sì kó lọ. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Fẹ́ǹsì ga, ìgò àfọ́ wà lórí rẹ̀, mẹ́guádì ń ti géètì lálẹ́. Ìjú ni wọ́n ti kọ́kọ́ wọlé kó ẹrù mi láyé mi. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀, wọ́n kó àpótí aṣọ méjì. Ọmọ tó bá wa ṣe wáyà iná ni, ẹni tó jẹ ẹ̀bà lórí tábìlì mi, tí ajá wa ti mọ òórùn rẹ̀. Ìyẹn náà kéré. Alájọ kan wà ní ọjà wa, ẹni tó ń gbàdúrà fún wa láràárọ̀ kó tó gba owó. Ó kó ti gbogbo ìlà ìsọ̀ wa lọ ní ìparí ọdún kan, kò fi ọ̀bẹ han ẹnì kankan. Bí mo bá ní kí n ka gbogbo owó tí ènìyàn ti gbà lọ́wọ́ mi lọ́nà èrú l'Ékòó, ti alájọ yẹn nìkan borí ti gbogbo jàgùdà pátá. Mi ò sì bẹ̀rù rẹ̀ rí. Mo tilẹ̀ máa ń pe ọmọ kí ó bu omi fún un.

N kò lọ sí téṣàn nítorí ìkankan nínú wọn. Wọ́n á ní kí n ra bébà tí wọ́n máa kọ ọ́ sí, wọ́n á ní kí n bu epo sí ọkọ̀ tí wọ́n máa fi wá olè, owó tí n ó ná á sì ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí àbíkẹ́yìn mi ka ìṣirò kan sí mi létí. Ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, ní ọ̀ràn 134,663 ni wọ́n mú dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ní gbogbo Nàìjíríà lọ́dún 2017, 50,975 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Èkó. Katsina ní 120.

"Màmá, ẹ ò rí i pé Èkó ló burú jù?"

Mo ní, "Odindi Katsina, ọdún kan gbáko, ọgọ́fà ọ̀ràn? Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní Òyìngbò máa jẹ ọgọ́fà yẹn tán."

Àwọn tó lọ sí téṣàn ni ìwé yẹn kà. Kò ka èmi, kò ka àwọn aláṣọ tí alájọ kó lówó lọ. Katsina tí àwọn ajímàlúù ń yọ lẹ́nu láti ọdún pípẹ́, ìwé tirẹ̀ funfun nígbà tó jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń kọ ọ́. Èkó ní téṣàn, ó ní lọ́yà, ó ní àwọn akọ̀ròyìn tí wọ́n ń gbé ìròyìn kiri, nǹkan tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ń di ohun tí gbogbo ayé gbọ́. Mi ò ní Èkó mọ́ o. Mo kàn ní ìwé yẹn ò sọ èyí tó dọ̀tí jù fún mi.

Ọlọ́pàá pàápàá wá di ara ohun tí à ń sá fún. Ọdún 1992 ni wọ́n dá ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS sílẹ̀ l'Ékòó nítorí adigunjalè, inú wa sì dùn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2020 tí àwọn ọ̀dọ́ dìde, tí ìjọba sì tú u ká ní oṣù kẹwàá, àdúrà tí mò ń gbà bí ọmọ-ọmọ mi bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde ni pé, bó bá jẹ́ dandan kó pàdé ẹnì kan, kó kúkú jẹ́ olè.

Òṣòdì ńkọ́? Ta ni kò bẹ̀rù Òṣòdì? Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń tajà lábẹ́ afárá yẹn mọ gbogbo gbéwiri ibẹ̀ lójú, wọ́n á ṣẹ́jú sí ọ, wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ di báàgì yín mú." Oṣù kìíní ọdún 2009 ni ìjọba Gómìnà Fashola palẹ̀ wọn mọ́. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, mo sì yìn ín, nítorí kí a tó rí ojú títì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú ti rí nǹkan. Àmọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo dúró de ọkọ̀ níbẹ̀, èmi nìkan, kò sí ẹni tó ń ta àkàrà, kò sí ẹni tó máa ṣẹ́jú sí mi. Àyà mi já bí kò ti ṣe já rí nígbà tí Òṣòdì ṣì burú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2002. Ọjọ́ Àìkú ni, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Bọ́ǹbù tí àwọn ológun kó pamọ́ sí bárékè Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Ní Ìjú, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Ẹnì kan ní àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba, òmíràn ní ogun ti dé. Ẹni tó ń sá ò mọ ẹni tó ń lé e. Láti Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn forí lé Òkè-Àfà nínú òkùnkùn, ìyá gbé ọmọ pọ̀n, ó fa òmíràn lọ́wọ́. Odò kan wà níbẹ̀ tí ewéko ti bo ojú rẹ̀, ó jọ ilẹ̀. Àwọn tó wà níwájú kó sínú rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò mọ̀, wọ́n ń tì wọ́n. Àwọn tó kú lọ́jọ́ yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, omi ló pa wọ́n, bọ́ǹbù kọ́. Wọ́n ì bá wà láàyè bí wọ́n bá jókòó sílé. Mi ò sì lè bá wọn wí. Ìlú tó ti mọ ìró ìbọn ìfipágbàjọba, ṣé yóò jókòó wádìí kó tó sá?

Àkọ́bí mi obìnrin ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Bó bá ti pè mí, á ní, "Màmá, ẹ má jáde lálẹ́ o, Èkó ò dáa mọ́." Ní Peckham yẹn ni wọ́n ti pa Damilola Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní oṣù kọkànlá ọdún 2000. Èkó ni wọ́n bí i sí. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó dé ọ̀hún, ìtọ́jú àìsàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sì gbé wọn lọ. Láti ìgbà náà, bí èmi bá gbọ́ Peckham, ara mi á bù máṣọ. Mo ní kó má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa dá rìn. Ó ní, "Màmá, kò rí bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ ni mò ń gbé." Mo ní, "Èmi náà, inú Èkó ni mò ń gbé."

Nígbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà lọ́dún 2020, ó kù díẹ̀ kí n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Oṣù kẹrin ni. Ìròyìn ń fò lórí WhatsApp pé àwọn ẹgbẹ́ jàǹdùkú One Million Boys àti Àwàwà ń bọ̀, pé wọ́n ti kọ lẹ́tà ránṣẹ́, pé ilé dé ilé ni. Láti Agége dé Ìjú, Alágbado, Abúlé-Ẹ̀gbá, títí dé Sángo Ọ̀tà, kò sẹ́ni tó sùn. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wa jáde pẹ̀lú àdá àti ọ̀pá, wọ́n sun táyà sí oríta. Mo jókòó sí bákónì, mò ń wò wọ́n, ohun tí mo rí sì nìyí: ariwo tí àwọn tiwa ń pa ni wọ́n gbọ́ ní Ìṣàgá, tí wọ́n fi sáré dáná sun táyà tiwọn. Iná táyà tiwọn la rí lọ́ọ̀ọ́kán, tí àwọn tiwa fi pariwo pé olè ti dé Ìṣàgá. Bó ṣe lọ káàkiri nìyẹn. Àwọn jàǹdùkú kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ọlọ́pàá sì mú àwọn kan. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá náà ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ké sí àwọn, àwọn ò bá olè níbẹ̀. Ní òpópónà tiwa, ẹnì kankan ò pàdánù abẹ́rẹ́. Èéfín táyà ló ṣe wá léṣe. Bàbá onílé kejì, tó ní ikọ́ fée, ni wọ́n sáré gbé lọ sílé ìwòsàn.

Ohun kan dùn mọ́ mi níbẹ̀, kí n má parọ́. Àwọn ọmọkùnrin tó jẹ́ pé inú mọ́tò onígíláàsì dúdú ni mo ti ń rí wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n wá mọ orúkọ ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣọ́ oríta wá bá mi, ó ní, "Màmá, ẹ wọlé lọ sùn, a wà níbí." Ó mọ̀ mí! A ti jọ ń gbé ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ onílé pe ìpàdé. Wọ́n ní kí a dáwó, kí a gbé géètì sí ẹnu òpópónà méjèèjì, kí ọdẹ máa tì í ní aago mẹ́wàá alẹ́. Mo dìde. Mo ní bí ìyàwó kan bá ń rọbí ní aago méjì òru, tàbí tí iná bá sọ, ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀? Mo ní gọ́tà ẹnu ọ̀nà ilé ìwé àdúgbò wa ti gba ọmọ méjì, wọ́n yọ wọ́n láàyè ni Ọlọ́run ṣe, kí a kọ́kọ́ fi owó yìí bò ó. Alága ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ààbò là ń sọ." Mo ní kí ni èmi ń sọ?

Wọ́n dìbò, géètì borí. Mo san owó tèmi, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ ni mí. Ṣùgbọ́n mo ní wọn ò ní gbé e sórí òpó àfi bí wọ́n bá ṣe kọ́kọ́rọ́ kejì fún mi, wọ́n sì ṣe é. Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn aboyún òpópónà wa ń kan ilẹ̀kùn sí lóru báyìí. Ní ti gọ́tà, wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀; bí mo bá dé ìpàdé oṣù yìí, n ó tún bi wọ́n.